Philosophy, Ṣé Iṣẹ́ Nìyẹn?

Ẹ bi àwa tí a ka computer science ní Nàìjíríà léèrè ohun tí a rántí nínú philosophy. GST la máa dárúkọ. Gbọ̀ngàn ńlá kan, èrò bí omi, àwọn tó pẹ́ dé dúró sẹ́nu ọ̀nà, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ níwájú, àwa tí a wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan. A ra handout, a há a sórí, a ṣe ìdánwò, ó parí. Logic wà nínú handout yẹn o! Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún wa pé òun náà la máa pàdé nínú "if" àti "and" tí a fi ń jẹun lónìí.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti wá. Ní 1854, George Boole, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé jáde lórí òfin tí èrò èèyàn ń tẹ̀ lé. Ó fi ìṣirò sọ ohun tí Aristotle ti ń fi ọ̀rọ̀ sọ. Kíláàsì philosophy ní University of Michigan ni Claude Shannon ti pàdé iṣẹ́ Boole. Nígbà tó di 1937, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe fún oyè másítà ní MIT, ó fi hàn pé logic yẹn la lè fi ṣètò àwọn swíìṣì iná tó ń ṣí tó ń pa dé. Orí rẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń lò lónìí dúró lé.

Ọ̀rọ̀ yìí wọlé wá bá àwa méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí a jọ ń kọ software, nígbà tí àbíkẹ́yìn ilé wa sọ pé St. John's College ní Annapolis, ìpínlẹ̀ Maryland, lòun fẹ́ lọ. Màmá wa ní, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ń tẹ kọ̀ǹpútà, a rí owó ẹ̀. Philosophy, ta ló ń rà á?" Àwa la máa dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, nítorí náà a fara balẹ̀ wádìí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún.

Ó kéré lóòótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. 1937, ọdún kan náà tí Shannon ṣe iṣẹ́ tiẹ̀, ni Stringfellow Barr àti Scott Buchanan dá ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sílẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan ń ka philosophy, ẹnì kejì ń ka mathematics. Gbogbo wọn ló jọ ń ka àwọn ìwé kan náà fún ọdún 4: Homer, Plato, Euclid, Newton, títí dé Einstein. Wọ́n ń kọ́ èdè Gíríìkì àti Faransé. Wọn kì í pe olùkọ́ ní professor, tutor ni wọ́n ń pè é. Nínú seminar, bí akẹ́kọ̀ọ́ 20 á jókòó yí tábìlì ká, tutor á béèrè ìbéèrè kan, ó tán. Kò sí handout. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa sọ̀rọ̀. Bí sáà bá ń parí, àwọn tutor á kóra jọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan bíi pé kò sí níbẹ̀, tòun ti pé iwájú wọn ló jókòó sí. Don rag ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a ti la code review kọjá, ẹ̀rín pa wá.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Nínú àkójọ ìwé wọn, ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní philosophy ní Yunifásítì Èkó, kọ odidi ìwé kan tó gbé Socrates àti Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì ò fọwọ́ ara wọn kọ ìwé sílẹ̀; ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. A sọ èyí fún àbúrò wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀. Ṣé ẹ ti ka Socrates ọ̀hún ná?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á nìyẹn, lórí WhatsApp, ní alẹ́ Sunday. Meno, ìwé Plato, la fi bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, Socrates pe ọmọ kan tó jẹ́ ẹrú, ó ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, ó ní kó wá èyí tó máa tóbi tó o lọ́nà méjì. Ọmọ náà ní kí ẹ̀gbẹ́ di 4. Ìyẹn á di 16, bẹ́ẹ̀ 8 là ń wá. Ó ní 3. 9 nìyẹn. Ọmọ náà wá ní òun ò mọ̀. Lójú Socrates, ibi tó dé yẹn sàn ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbéèrè ló sì fi mú un dé orí ìlà tó ti igun kan dábùú dé igun kejì, èyí tó jẹ́ ìdáhùn.

Inú wa dùn, ó dà bí ìgbà tí ọwọ́ tẹ bug. Àbúrò wa ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Kí lorúkọ ọmọ yẹn?" A wá inú ìwé, kò sí. Ìwà rere ni wọ́n ń jíròrò látòkè délẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó yẹ kéèyàn máa ní èèyàn bíi tiẹ̀ lẹ́rú.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ilé iṣẹ́ kan gbé iṣẹ́ wá bá wa: app tí wọ́n á fi máa yá èèyàn lówó. Wọ́n fẹ́ kó máa kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ẹni tó yáwó, kó lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, sí pásítọ̀ ẹ̀, sí ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, bí kò bá tètè san án. Code ẹ̀ ò le rárá, ọ̀sán kan ti tó. Ìbéèrè àbúrò wa ló jáde lẹ́nu wa: "Àwọn tó ni nọ́ńbà wọ̀nyí, kí lorúkọ wọn? Ṣé àwọn náà tọwọ́ bọ̀wé?" Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ò gba iṣẹ́ náà. A sì mọ̀ dáadáa pé owó ẹ̀ ì bá ti ràn wá lọ́wọ́ lórí owó ilé ẹ̀kọ́ yìí.

A ò ní tàn yín pé philosophy ń tètè mówó wọlé. Ní 2018, St. John's kéde pé àwọn máa dín owó ẹ̀kọ́ ọdún kan kù láti ohun tó ju 50,000 dọ́là lọ sí 35,000. Síbẹ̀, ẹ bá wa fi náírà ṣírò ẹ̀. Láìsí scholarship, apá wa ò ká a, a sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ń bá wa kọ code báyìí, ohun tí a bá sì ní kó kọ ló máa kọ. A nílò ẹni tó máa bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe. Fọ́ọ̀mù ti lọ, à ń retí èsì. Ní Sunday tó kọjá, a dé orí Euclid.