Ìmúra Wa fún Ìrìn Àjò Òkun Ilẹ̀ Otútù

  Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a kọ díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa nípa ìrìn àjò tí ẹ fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìpàdé, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé wa lọ́jà ni ó ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni àwa tọkọtaya fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi tí yìnyín ti bo ilẹ̀. Òótọ́ ni. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, oṣù kẹta ọdún 2027 ni, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bergen, ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Norway, ni ó dá a sílẹ̀. Ó ní òun kò ní tọ́jú owó de ọjọ́ tí òun yóò fi ra aṣọ ẹbí ìsìnkú wa. Ìgbà tí eékún wa ṣì lè gun àtẹ̀gùn ni òun fẹ́ kí a jọ rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Àkọ́bí wa ọkùnrin tí ó wà ní Ọ̀fà fi ìbínú dáhùn pé ilé bàbá òun kò tíì ní òrùlé, ewéko ti ń hù lórí ògiri, àbúrò òun sì ń sọ̀rọ̀ yìnyín. Odidi oṣù méjì ni àwọn méjèèjì kò fi pe ara wọn lórí tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní òkè Ọya tí kò ní ilé sí ìlú rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ayé yóò sọ. Níkẹyìn, a pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: owó ìfẹ̀yìntì wa ni a fi ra páànù, ó sì ti wà nílẹ̀ ní Ọ̀fà, ti ọkọ̀ òkun, ọmọbìnrin ni yóò san án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì yọ́ tán.

Àwọn bàbá wa náà múra irú ìmúra báyìí rí. Ní Ọ̀fà ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, wọ́n gba Kàdúná àti Zaria títí dé Kaura Namoda níbi tí irin parí sí, kí wọ́n tó wọ lọ́rì wá sí Sókótó. Gààrí, aṣọ òfì tó nípọn nítorí ọyẹ́, àti àgúnmu ibà ni ẹrù wọn. Lójú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé, Sókótó ni òpin àríwá ayé. Àwa tí a bí sí òpin ayé náà ni a wá ń wá àríwá mìíràn lọ báyìí.

Ọkọ̀ tí a ó wọ̀ kì í ṣe irú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ gàgàrà tí ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ijó àti ayò sì ń lọ nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ etíkun ni, ó ń kó ẹrù, ó sì ń kó èrò. Ọ̀gá atukọ̀ kan tí ń jẹ́ Richard With ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ Vesteraalen gbéra ní Trondheim ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1893. Etíkun náà kún fún àpáta abẹ́ omi, òkùnkùn ìgbà otútù sì pọ̀, àwọn atukọ̀ mìíràn kò fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Hurtigruten ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọ̀nà tó yá. Láti Bergen dé Kirkenes, lẹ́bàá ààlà Rọ́ṣíà, èbúté 34 ni ó ń yà sí. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ọjọ́ 12. Ní èbúté mìíràn kì í dúró ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kí ó já ẹrù, kí ó gbé ẹrù, kí ó tún ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ lọ́rì àtijọ́ yóò mọ irú rẹ̀.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé òkun etí ibẹ̀ kì í dì. Ìṣàn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ni ó ń ti ìhà Amẹ́ríkà wá la òkun Àtìláńtíìkì já, ó sì ń bá etíkun Norway lọ sókè. Bí kò bá sí i, ọkọ̀ kankan kì bá tí lè rìn níbẹ̀ nígbà otútù.

Ọ̀rọ̀ ìrun ni ó jẹ́ kí a mú oṣù kẹta. Ọmọbìnrin wa kọ́kọ́ fẹ́ kí a wá ní oṣù kẹfà, nígbà tí gbogbo àlejò ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní North Cape, ṣóńṣó ilẹ̀ àríwá tí ọkọ̀ yìí ń gbà kọjá, oòrùn kì í wọ̀ rárá láti àárín oṣù karùn-ún títí di òpin oṣù keje. Nígbà wo ni a ó kírun Mágàríbì, bí oòrùn kò bá wọ̀? A bi àlùfáà wa ní Arkilla, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé kí ènìyàn máa lo àkókò Mẹ́kà, tàbí ti ìlú tó súnmọ́ tòsí jù lọ tí ọ̀sán àti òru ti ń pínyà. Ìdáhùn náà tẹ́ wa lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò fẹ́ ìṣirò. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹta, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo láyé, ní Wamakko bí ti Kirkenes, nítorí náà oṣù kẹta ni a mú. Kí ẹni tí ó bá tún fẹ́ lọ rántí pé ìlà oòrùn tí a ń kọjú sí níhìn-ín kọ́ ni ti ibẹ̀. Láti Norway, ìhà gúúsù tó yà sí ìlà oòrùn ni Mẹ́kà wà.

Oṣù kẹta náà ni ti panla. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ọ̀rọ̀ yín ni èyí. Èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wa ti ta panla gbígbẹ, irú èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, pẹ̀lú edé àti ẹ̀gúsí fún ohun tó lé ní ogún ọdún, kò sì mọ ibi tí ó ti ń wá ju ilé àwọn alágbàtà lọ. Erékùṣù Lofoten ni, ọkọ̀ wa yóò sì yà ní Svolvær àti Stamsund tí ó wà níbẹ̀. Láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹrin ni ẹja náà ń ti òkun tútù àríwá wọ́ wá yé ẹyin létí Lofoten. Àwọn apẹja a gé orí rẹ̀, wọn a so ó ní méjì méjì níbi ìrù, wọn a fi kọ́ sórí àtẹ igi ńláńlá níta gbangba láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án; afẹ́fẹ́ tútù nìkan ni ó ń gbẹ ẹ́. Bí otútù bá pọ̀ jù, ẹja a dì, yóò sì bàjẹ́. Bí ooru bá mú, eṣinṣin dé. Ibẹ̀ kò tutù jù, kò sì gbóná jù. Orí tí wọ́n gé kúrò náà kì í ṣòfò: Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba Biafra kọjá nígbà ogun 1967 sí 1970 ni kò lè gbàgbé ẹja yìí, nítorí ó wà lára oúnjẹ ìrànwọ́ tí àwọn ilẹ̀ òkèèrè kó wọlé.

Ìyálé ilé wa ti sọ pé bí a kò tilẹ̀ rí ohun mìíràn ju àtẹ ẹja náà lọ, òun yóò dúró sábẹ́ rẹ̀, òun yóò sì béèrè iye owó rẹ̀ níbẹ̀, kí òun lè mọ bí àwọn alágbàtà ṣe ń fi òun ṣeré tó.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ aṣọ. Níhìn-ín ní oṣù kẹta, ooru a máa kọjá digirí 40. Ní Kirkenes ní oṣù yẹn kan náà, ó lè lọ sí digirí 10 nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ẹnìkan ní ìpàdé ní kí a lọ máa jókòó ní ilé ẹja tútù ní wákàtí kan lójoojúmọ́ kí ara wa lè mọ̀ ọ́n. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin wa kọ́ wa pé kì í ṣe aṣọ kan tó nípọn ni ènìyàn nílò bí kò ṣe mẹ́ta tó tẹ̀ léra: èyí tí a fi irun àgùtàn hun ní abẹ́, òmíràn tó rọ̀ tó sì móoru láàárín, èyí tí afẹ́fẹ́ àti omi kò lè là já lókè. Aṣọ òwú kò gbọdọ̀ kan ara, nítorí bí ó bá ti mu òógùn, kì í gbẹ, á sì máa fa ooru ara jáde. Ẹ wò ó, a ń gbé nílẹ̀ tí àgbò pọ̀ ju ènìyàn lọ lọ́jọ́ ọjà, a kò sì rí irun àgùtàn rà! Irun àgùtàn ilẹ̀ Hausa kúrú bíi ti ewúrẹ́, kò ṣeé hun. Àárín aṣọ òkìrìkà, tí wọ́n ń pè ní gwanjo níhìn-ín, ni a ti rí súẹ́tà méjì àti kóòtù kan. Ti bàtà, a ó ra irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí àgbà má bàa yọ̀ ṣubú lórí yìnyín. Òrí ni a ó fi pa ètè àti ọwọ́, kò sí ìpara òyìnbó tó jù ú lọ.

Kílíṣí ni ó dùn wá jù. A ti ṣèlérí ìdì kílíṣí mẹ́ta fún ọmọ yìí, ṣùgbọ́n òfin Norway kò gba kí èrò láti ilẹ̀ wa kó ẹran tàbí wàrà wọlé. Gààrí díẹ̀ àti ata gígún ni yóò gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í lọ irú ibẹ̀. Tété-Michel Kpomassie, ọmọ ilẹ̀ Togo tí a bí ní 1941, já bọ́ lórí igi àgbọn nígbà èwe rẹ̀ nígbà tí ó pàdé ejò. Àwọn abọ̀rìṣà erè wò ó sàn, bàbá rẹ̀ sì fi ṣe ìlérí pé yóò wá sìn ín. Nílé ìtàwé kan ní Lomé ni ó ti rí ìwé kan nípa Greenland, ilẹ̀ tí kò sí ejò, tí kò sì sí igi. Ó sá kúrò nílé. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àti ní Yúróòpù, tí ó ń kó owó ọkọ̀ jọ, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Greenland ní 1965. Ó lé ní ọdún kan níbẹ̀, ó sì kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1981. Ìmúra ọdún mẹ́jọ! Tiwa kò tíì pé ọdún kan.

Físà ni ó kù. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù náà kì í gba ìwé ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ bá ṣì kù ju oṣù mẹ́fà lọ, nítorí náà a ṣì ń kó ìwé jọ: ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ilé Ọ̀fà, ìwé báńkì, ìwé ìdúró láti ọwọ́ ọmọ wa, àti ìwé ìdánilójú ìtọ́jú àìsàn tí kò gbọdọ̀ dín sí 30,000 owó euro. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 90 owó euro, bí wọ́n bá sì kọ̀, owó náà kì í padà. Fún títẹ ìka, Abuja ni a ó lọ; nítorí ipò tí ojú ọ̀nà wà, ọkọ̀ òfúrufú ni a ó wọ̀ ní pápá Sultan Abubakar III. A kò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ọmọkùnrin wa ní Ọ̀fà ni ó ya àwòrán ilé náà ránṣẹ́ fún ìwé wa, òrùlé sì ti wà lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a fi í sókè pátápátá kí òyìnbó lè rí i pé a ní ilé tí a ó padà sí.

Ìwé èsúsú àwọn ìyá yóò wà lọ́wọ́ igbákejì akápò láti ìparí oṣù kejì. Ẹni tí ó bá sì ní bàtà aláwọ tó gùn dé ojúgun, ìwọ̀n 44, tí kò lò ó mọ́, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí wa ní Kalambaina kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.