Àmín Tí N Kò Ṣe

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé ní Warri kí aládùúgbò wa, ọmọ Itsekiri, tó mú èmi àti ọmọ mi lọ sí Ode-Itsekiri. Ojú omi ni a gbà. Ìlú àtijọ́ yìí ni wọ́n ti ń fi Olú jẹ. Ibẹ̀ ni Atuwatse Kẹta ti gorí oyè ní oṣù kẹjọ ọdún 2021.

Nígbà tí a fẹ́ padà, bàbá àgbà kan ṣàdúrà fún wa. “Oritse” ni mo ń gbọ́ léraléra. Ọmọ mi fà mí láṣọ: “Ìyá mi, ṣé òrìṣà ni wọ́n ń pè lé wa lórí?” N kò ṣe àmín. Bàbá náà sì rí i.

Nínú ọkọ̀ ni aládùúgbò mi ti ṣàlàyé: Ẹlẹ́dàá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èdè wọn bá tiwa tan. Ọ̀rọ̀ tí àwa fi sílẹ̀ fún ère, àwọn fi ń pe Ọba tó dá wa. Ojú tì mí.

Nígbà ọdún Iléyá, mo fi ẹran ránṣẹ́ sí bàbá. Wọ́n ní ó tún ṣàdúrà. Nínú ilé mi ni mo ti ṣe àmín.