Mo ní kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fẹ́ẹ́ fi lo ìsinmi mi l'Ódògbólú, n ni ìyá mi bá bú sẹ́kún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń fún wa fún ìsinmi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, mo sì ti sọ fún ara mi pé èyí tó ń bọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní yìí, mi ò ní í sùn ún mọ́lé. Ilé wa l'Ódògbólú ni mo fẹ́ẹ́ lọ, kẹ̀kẹ́ ni mo sì fẹ́ẹ́ máa gùn kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láti ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ o, kì í ṣe Márúwá. Ológeere tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ kan láti lọ sọ fún ìyá mi. Mo rò pé ẹ̀rín ni wọ́n máa rín ni, àṣé ẹkún ni wọ́n máa sun. "Ọkọ mi, ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ tó ò sọ fún mi ni? Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé mọ́tò lọmọ mi ń wà. Tí wọ́n bá rí ẹ lórí kẹ̀kẹ́ l'Áyépé nínú oòrùn, kí ni mo fẹ́ẹ́ sọ fún wọn?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára ni pé màmá ò kúkú jẹ̀bi tán. Mo ti ta mọ́tò. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni nǹkan ti yí padà. Epo tí à ń rà tẹ́lẹ̀ tí jálá kan ò tó 200 náírà wá ń sún mọ́ 1,000, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti débẹ̀. Mo tà á lọ́dún 2024 náà, mi ò sì sọ nílé. Bí mo bá ti wọ bọ́ọ̀sì wálé, màá ní mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì kan ṣoṣo, láti ọdún náà! Màmá ò bi mí léèrè, ṣùgbọ́n àgbà kì í ṣe ọmọdé.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìyà nìkan ló gbé mi dé orí kẹ̀kẹ́. Ọlábísí Àjàlá ló kó sí mi lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ọ́n nítorí Ebenezer Obey tó dárúkọ ẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, àti nítorí fẹ́sípà tó fi la ayé já. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kó tó gun fẹ́sípà yẹn, kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ gùn. Lọ́dún 1952, nígbà tó ń kàwé ní Chicago, ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ wa, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Los Angeles, ọ̀nà tó lé ní 2,000 máìlì, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè mọ̀ pé bí wọ́n ṣe rò pé ọmọ Áfríkà rí kọ́ ló rí. Mo ní tí ọmọ Yorùbá bá lè ṣèyẹn, ṣé Òdògbólú sí Ẹ̀pẹ́ ló wá máa pa mí?

N ni mo bá ra tòkunbọ̀ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ìdárayá láàárọ̀ Sunday. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò lè jókòó dáadáa níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká bá yín tì í!" Mo lọ dúnàá-dúrà ní gáréèjì pé kí wọ́n bá mi gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí bọ́ọ̀sì, dẹ́rẹ́bà ní owó èèyàn méjì ni màá san fún un. Mo bi í pé ṣé ó máa jókòó ni?

Ohun tó gba ìrònú jù lọ nínú ètò náà ni ojú ọ̀nà. Márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin wà nítòsí wa, kò sì jìnnà béèyàn bá gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tírélà tó ń sáré níbẹ̀ ò rí mọ́tò, áḿbọ̀sì kẹ̀kẹ́. Mi ò ní í débẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba ìgboro kọjá ni màá tọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kò tó 20 kìlómítà. Lọ́jọ́ kejì, màá lọ sí Òkè-Èrì, níbi tí wọ́n ní Bílíkísù Súngbọ́ sùn sí, kí n sì fojú ara mi rí Erédò, yàrà àti òkìtì tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, àwọn ibì kan wà tó ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Àgbègbè yìí ni mo ti kàwé títí mo fi jáde girama, kò sẹ́ni tó mú wa lọ wò ó rí. Ọjọ́ kẹta ni Ẹ̀pẹ́, nǹkan bíi 30 kìlómítà, ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ Ìjẹ̀bú lọ́dún 1892, tí wọ́n ja ogun Ìmàgbọ̀n. Màá sinmi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí n tó padà.

Oṣù kìn-ín-ní ni mo mú nítorí pé òjò ò ní í sí, ọyẹ́ sì máa ń jẹ́ kí àárọ̀ tutù. Aago mẹ́fà ìdájí ni màá máa gbéra, tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, mo ti gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ ibòji. Tíúbù méjì ni màá gbé dání, nítorí àwọn fọgaináísà wa ò ta ti kẹ̀kẹ́ mọ́, ti ọ̀kadà ni wọ́n ní. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ́lúṣọ̀n, páǹpù, sípánà, omi, àti gààrí. Ìjẹ̀bú ni mo fẹ́ẹ́ lọ, ẹ ò ní í sọ pé mi ò ní gbé gààrí.

Gbogbo ètò yìí ni mo là sílẹ̀ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò. Wọ́n dákẹ́ fúngbà pípẹ́. Ẹ sì mọ àwa Ìjẹ̀bú, ẹṣin la fi ń ṣe fáàjì wa l'Ójúde Ọba, kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbẹ̀. Bàbá mi ní Raleigh nígbà ayé wọn, kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ni wọ́n fi máa ń lọ wo ìyá mi nílé àwọn òbí wọn kí wọ́n tó fẹ́ra. Nígbà tí mo wọlé girama, wọ́n tà á, owó ẹ̀ ni wọ́n fi san owó ilé ìwé mi.

"Bàbá ẹ ta kẹ̀kẹ́ kí ìwọ lè ra mọ́tò," ni màmá sọ. "Ìwọ wá ta mọ́tò, o lọọ ra kẹ̀kẹ́."

Kí ni mo fẹ́ẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú ni. Mi ò rí oorun sùn dáadáa.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ dé márosẹ̀. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní tí mo bá dé Ẹ̀pẹ́, ilé àbúrò wọn ni kí n sùn, ìyẹn ló máa jẹ́ káwọn lè sọ pé iṣẹ́ làwọn rán mi. Wọ́n wá ka owó sí mi lọ́wọ́ pé kí n ra ẹja yíyan bọ̀ fáwọn, kí n má ra èyí tó kéré.

Mo bi wọ́n pé kí ni kí n fi dì í. Wọ́n ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi máa ń dì í mọ́, rọ́bà tíúbù tí wọ́n fi ń so ó ṣì wà nínú àpótí wọn. Mo ti lọ wò ó. Ó ti gbó, ó ń já lọ́wọ́. Tuntun ni màá gé.