Iyanrìn, Ewé, àti Ẹja Tó Ti Òkèèrè Padà Wálé

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan fò láti nǹkan bíi 185 náírà sí 488 náírà ní ìlú Èkó, ẹnu gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Wọ́n sọ ti owó ọkọ̀, wọ́n sọ ti gàrí, wọ́n sọ ti àwọn ìyá tó ń ta òkú Èkó tí fìríìsà wọn ti di àpótí lásán. Kò sí èyí tí kò yẹ ní sísọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja òkú ni wọ́n ń sọ. Ẹja ààyè ló wà nínú ilé tèmi n'Íbàdàn, àwọn náà sì ń pín nínú epo jẹnẹrétọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà wọ́n mọ́ ará ìlú.

Àpótí onídíńgí kan ni ilé wọn, kò gbà ju lítà 60 omi lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kùn ní búlúù àti pupa ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òdòdó oníke mẹ́rin dúró lórí wọn, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà ní igun rẹ̀ tó ń fa omi gba inú fóòmù kọjá, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń rú ojú omi sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ a gbà á. Lẹ́yìn tí epo wọ́n, jẹnẹrétọ̀ wa kì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí méjì lọ lálẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, iná tí wọ́n mú lọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹja mẹ́rìnlá ni mo fi sílẹ̀ lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́ta ti léfòó.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó pa wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsí afẹ́fẹ́ nìkan ni. Inú omi tí ẹja ń mí náà ló ń yàgbẹ́ sí, oró kan tí à ń pè ní amóníà sì ń jáde láti ara ìgbẹ́ náà àti láti ara ẹja fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń gbé nínú fóòmù ẹ̀rọ àti lára òkúta ìsàlẹ̀. Wọ́n ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ oró. Àwọn mìíràn a sì sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá ti pọ̀ jù. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń mí bí ẹja ti ń mí. Bí omi kò bá gba inú fóòmù kọjá mọ́ fún wákàtí púpọ̀, àwọn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹni tó ń gbálẹ̀ a wá di òkú tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbé.

Aládùúgbò mi kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú ra inverter.” Mo bi í léèrè iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tó sọ ọ́, àwa méjèèjì ló rẹ́rìn-ín.

Mo wá rò ó pé dípò kí n máa wá iná fún àpótí náà, n ó tún un ṣe kí ó lè pẹ́ díẹ̀ láìsí iná. Odò kò ní ẹ̀rọ. Iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ odò, ewé tútù ló wà nínú rẹ̀. Ewé a máa fa amóníà mu bí ìgbà tó ń mu ajílẹ̀, a sì máa tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ, ẹ̀yin òǹkàwé: lóru, ewé náà ń fa ọ́síjìn bíi ti ẹja ni. Ewé nìkan kò lè tó, àfi kí ẹja dín kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní àpótí ńlá gba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi. Méjì ló ṣẹ́ kù, akọ kan àti abo kan. N ó padà sórí irú ẹja tí wọ́n jẹ́.

Iyanrìn ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Ọkùnrin tó ń ta iyanrìn odò ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ kò ta ohun tó kéré sí ẹ̀kún tipa kan rí. “Ẹ káàárọ̀ sà. Tipa mélòó?” Mo ní garawa kan ni mo fẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Bàbá, irú ilé wo lẹ fẹ́ fi garawa kan kọ́?” Mo ní ilé ẹja ni. Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí n wá ròyìn ilé náà fún òun bí ó bá parí.

Kì í ṣe gbogbo iyanrìn ló dára. Ti etí òkun ní ìkarahun wẹ́wẹ́ nínú, èyí tí í máa sọ omi di líle, bẹ́ẹ̀ omi tó rọ̀ ni ẹja odò igbó ń fẹ́. Mo bu ṣíbí kan sínú abọ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bí ó bá hó, ìkarahun ń bẹ níbẹ̀. Kò hó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé, mo ń da omi pupa nù, mo ń pọn òmíràn sí i. Ìyá mi tó wá kí wa jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí.

“Iyanrìn lo ń ṣàn bí ìrẹsì yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Ẹja tí o fẹ́ fi jẹ ẹ́ dà?”

Mo mú wọn wọ yàrá, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n tẹjú mọ́ díńgí. “Èyí tí kò gùn tó ìka mi?” Wọ́n padà síta láìsọ nǹkan mìíràn.

Kíkó òkúta àtijọ́ kúrò ló gba sùúrù jù. Lára òkúta náà ni ọ̀pọ̀ àwọn kòkòrò tí mo sọ ń gbé. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ìjọba lé gbogbo agbálẹ̀ ìlú lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo ń kó lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, n kò sì fọwọ́ kan fóòmù ẹ̀rọ rárá ní gbogbo àsìkò náà. Omi kànga ni à ń lò nílé wa. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi oògùn chlorine sí, kí ó kọ́kọ́ fi omi náà sílẹ̀ nínú garawa láìdé e fún ọjọ́ kan gbáko.

Ní Sátidé kẹrin, mo kó ẹja méjèèjì sínú garawa pẹ̀lú omi tí wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀, mo sì fi kọ́ọ̀bù rọra da iyanrìn sísàlẹ̀ àpótí. Mo jẹ́ kó nípọn tó ínṣì méjì lẹ́yìn, ínṣì kan níwájú. Iyanrìn tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ a sì máa kó jọ síbẹ̀. Orí àwo pẹrẹsẹ ni mo ń da omi sí kí ó má baà gbẹ́ iyanrìn náà. Síbẹ̀, omi rú fún ọjọ́ méjì.

Ewé tí mo fi sí i yẹ ní ẹni tí à ń dúró tì díẹ̀. Anubias barteri ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ṣú, ó ń dán, kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, èyí tó bá ilé aláìníná mu. Ìtì rẹ̀ tó ń fà gbọọrọ jọ atalẹ̀. A kò gbọdọ̀ rì í mọ́ inú iyanrìn, yóò jẹrà. Òwú ni a fi ń so ó mọ́ òkúta, gbòǹgbò rẹ̀ a sì wá di òkúta náà mú fúnra rẹ̀. Inú àwọn odò igbó ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà títí wọ Cameroon ló ti ń hù. Barter tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ni Charles Barter, onímọ̀ ewéko tó bá Baikie wá nínú ìrìn-àjò Odò Ọya ti ọdún 1857. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú ìrìn-àjò kan náà. Ọkọ̀ wọn tí ń jẹ́ Dayspring fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà, Barter sì kú sí Rábà ní ọdún 1859. Èmi wá lọ ra ewé yìí ní Èkó, nínú ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi èdè tí n kò lè kà kọ nǹkan sí lára.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹja ọ̀hún. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní Singapore ni wọ́n ti kó wọn wọlé. Kribensis ni wọ́n ń pè é lọ́jà, orúkọ tó ti ara Kribi wá, ìlú kan ní etíkun Cameroon. Pelvicachromis pulcher ni orúkọ ìwé rẹ̀, Boulenger ló sì fún un ní pulcher, tó túmọ̀ sí arẹwà, ní ọdún 1901. Bẹ́ẹ̀, àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀ gan-an. Mo bi apẹja mẹ́ta léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é. “Ẹja wẹ́wẹ́” ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dá mi lóhùn. Ẹja wẹ́wẹ́ yìí ni àwọn kan ń sìn lókè òkun, tí wọ́n ń tà á fún wa ní owó dọ́là. Ẹni tó bá mọ ohun tí a ti ń fi epo rọ̀bì ṣe láti ọjọ́ yìí, èyí kò ní yà á lẹ́nu.

Mo fi ojú-oró méjì kún un láti inú adágún ẹja ọ̀rẹ́ mi kan. Mo yẹ abẹ́ wọn wò dáadáa, mo sì yọ gbogbo ìgbín tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀, nítorí irú ìgbín omi bẹ́ẹ̀ lè gbé àrùn tó ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Ojú-oró a máa pọ̀ sí i kíákíá. Èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ sá a sí oòrùn kó gbẹ, ẹ má dà á sódò tàbí gọ́tà. Àwọn tó ń tukọ̀ ní ọ̀sà Èkó mọ ohun tí mo ń wí: ewéko water hyacinth, tí ìlú rẹ̀ jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, gba ojú omi Pọ́tọ̀-Nóvò wọ Àgbádárìgì ní ọdún 1984, títí di òní ló sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi mọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kẹta tí omi mọ́, àwọn ẹja náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí n kò rí lọ́wọ́ wọn rí lórí òkúta búlúù. Wọ́n ń bu iyanrìn sẹ́nu, wọ́n ń jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tu ìyókù dànù. Mo ti da àpáàdì ìkòkò kan dojú dé ní igun kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, ẹnu kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n fi ní yàrá. Ikùn abo pọ́n bí omi ìṣápá. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, kò jáde mọ́. Akọ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé ìka mi bí mo bá nà án mọ́ díńgí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n kó ọmọ jáde sórí iyanrìn, àwọn ohun kékeré bí ìdí abẹ́rẹ́, ìyá níwájú, bàbá lẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná lọ fún wákàtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mo jí lẹ́ẹ̀mejì lóru. Mo ń fi kọ́ọ̀bù bu omi láti ojú àpótí, mo ń dà á padà láti òkè díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé. Nígbà kejì, ìmọ́lẹ̀ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn mi.

“Ṣé wọ́n ti kú ni?”

“Rárá, Màámi. Ẹ sún un sápá òsì díẹ̀.”

Wọ́n sún un. Abẹ́ àpáàdì ni gbogbo wọn kó sí, abo fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí iná dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, n kò rí òkú kankan nínú àwọn tó dàgbà. Nínú àwọn ọmọ, mo ka mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, iye tó dín díẹ̀ sí ti àná.

Mo ti lọ ròyìn fún oníyanrìn gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ. Ó ní kí n fi méjì sílẹ̀ fún òun bí wọ́n bá dàgbà. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wá ìkòkò tó ti fọ́. Iyanrìn kò ní wọ́n ọn.