Kòtò Tí A Bá Lójú Títì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà, kì í sì í ṣe ti oríkì. Ọ̀rọ̀ kòtò ni. Àwa mẹ́fà tí a jọ ń gbé ilé kan lẹ́yìn ọgbà yunifásítì la jọ kọ ọ́, torí pé àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la jọ jẹ̀bi.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù màmá tó ń ta ẹ̀wà ni kòtò náà wà. Nígbà tí a kó dé àdúgbò yẹn ní ọdún kejì wa, kò ju abọ́ ìfọwọ́ lọ. Ṣe la máa ń fẹsẹ̀ dá a kọjá. Nígbà tí a fi máa wọ ọdún kẹta, ó ti tó ohun tí ọmọdé lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. A tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, a ní Ọ̀sà ni. Bí ẹnì kan bá pẹ́ dé kíláàsì, á ní, "Ọ̀sà kún lónìí o," gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onílé fi ṣèpàdé lórí títì náà, wọ́n sì ní kí gbogbo ilé dá owó. Bàbá Alága fúnra wọn ló wá bá wa nílé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún méjì méjì náírà péré ni tiyín." A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sì fèsì tó dùn létí ara wa: "Bàbá, ẹ má bínú, ayálégbé ni wá. Ọdún méjì sí i, a ti lọ. Ìjọba ló sì ni títì." Bàbá wò wá títí. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" Wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, òjò rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Iná ò sí, omi sì ti bo Ọ̀sà mọ́lẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú títì. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà ń bọ̀ láti ibi ìkàwé lórí ọ̀kadà. Táyà iwájú wọ inú kòtò, ó gbé òun àti ọlọ́kadà sọnù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ló sì kán. Kò lè ṣe ìdánwò kankan ní sáà yẹn. Títí di òní, bí àwa yòókù ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, òun ṣì ń sáré lé iṣẹ́ ọdún kẹta. Òun ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí a má sì fi ohunkóhun pamọ́.

Lóòótọ́, ohun tí a sọ fún Bàbá nípa ìjọba kì í ṣe irọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka ṣíṣe títì àti òpópónà, títọ́jú wọn, iná ojú títì àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. FERMA tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002, títì ìjọba àpapọ̀ ló wà fún. Kò kan òpópónà bíi tiwa. Ní ti owó, ọjọ́ pẹ́ tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba inú àpò àjọni kọjá lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó náà fún ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í dí kòtò.

A kọ lẹ́tà sí káńsù. Nítorí pé Yorùbá là ń kọ́, Yorùbá la fi kọ ọ́, a fi àmì ohùn sí i láti òkè délẹ̀. Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló máa túmọ̀ èyí fún ọ̀gá?" Bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá, ọmọ Yorùbá ni akọ̀wé, Yorùbá ló sì fi bi wá ní ìbéèrè náà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a tún un kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ìtìjú ló gbé wa padà lọ bá Bàbá Alága. A kó ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà tiwa lọ́wọ́, a tọrọ àforíjì. Wọ́n gba owó, wọn ò bá wa wí. Owó tó wà nílẹ̀ ra yẹ̀pẹ̀ pupa típà kan. A dà á sínú Ọ̀sà, a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ya fọ́tò. Òjò méjì péré ló rọ̀. Yẹ̀pẹ̀ ṣàn lọ sínú gọ́tà, gọ́tà dí, omi wá ọ̀nà mìíràn gbà, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù màmá ẹlẹ́wà. Ó ba odidi àpò ẹ̀wà kan jẹ́. A ní láti dá owó ẹ̀wà náà pẹ̀lú.

Bíríkìlà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò ló là wá lójú. Ó ní, "Omi ló ń jẹ títì, ẹ̀yin rò pé mọ́tò ni." Ó ṣàlàyé pé ojú ọ̀dà á kọ́kọ́ sán díẹ̀. Omi á gba ibẹ̀ wọlé, á sọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ di rọ̀bọ̀tọ̀. Bí táyà bá ti wá tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà ò ní rí ohun tó máa fara tì mọ́, á fọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá dí kòtò láì la gọ́tà, owó ló jù sómi.

A la gọ́tà ní Sátidé méjì, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́. Kí lẹ rò pé a bá nínú rẹ̀? Ọ̀rá omi, ike mínírà, àti ìwé ìdánwò àtijọ́ tí orúkọ wa wà lára rẹ̀. Màmá ẹlẹ́wà mú ọ̀kan, wọ́n kà á sókè fún gbogbo àdúgbò. A ò rí ojú gbé.

Lẹ́yìn èyí la tó kọjú sí Ọ̀sà. Bíríkìlà gé etí rẹ̀ kó dúró ṣánṣán. A kó gbogbo ẹrọ̀fọ̀ inú rẹ̀ jáde. A to òkúta ńláńlá sísàlẹ̀, a gún un mọ́lẹ̀. A da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, a tún gún un. Kọ́ńkéré ló gbẹ̀yìn. Wọ́n jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ sí gọ́tà. A fi igi àti táyà àlòkù dí ojú ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Owó ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ilé méjìdínlógún ló wà ní òpópónà náà, mọ́kànlá péré ló ti san. Àwọn tí kò san ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ owó. Méjì nínú wa ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Gbogbo kọ́bọ̀ tó wọlé, gbogbo kọ́bọ̀ tó jáde, a kọ ọ́. A so rìsíìtì mọ́ ọn, a sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù màmá ẹlẹ́wà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé márùn-ún mìíràn ti wá san. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn láhun; wọ́n fẹ́ mọ ibi tí owó wọn wọlé sí ni.

Nísinsìnyí, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù. A ń la gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a ó rìn láti òkè títì dé ìsàlẹ̀, a ó sì sàmì sí ibi tó bá sán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ń dí i. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. A ò sì fi ìjọba sílẹ̀: gbogbo oṣù mẹ́ta là ń mú ìwé ìnáwó wa lọ sí káńsù, kí wọ́n rí iye tí iṣẹ́ wọn ń ná wa.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, àwa ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ gbé àdúgbò yẹn, Ọ̀sà ò ju ìlà tóóró lọ. Ẹ̀yin náà ní ẹ ó lọ láìpẹ́.

Lóṣù tó kọjá, a fẹ́ fa ìwé àkọsílẹ̀ náà lé àwọn àbúrò méjì lọ́wọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sílé wa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ayálégbé ni wá?" A ò tíì mọ ohun tí a máa sọ nígbà tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kán na ọwọ́ náà sí i. Kì í nà tán mọ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Àbúrò náà gba ìwé.