Ó Kù Kí Ó Fọhùn

Bí ère bá dára tán, a máa ń gbọ́ pé “ó kù kí ó fọhùn.” Ẹlòmíràn á ní “ó jọ ọ́ bí ìmumu.” Ìyìn gidi ni, ṣùgbọ́n lójú àwọn tó mọ ère wò, jíjọra ní ìwọ̀n.

*

Ní 1973, Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ní kí wọ́n yẹ ère wò jáde. Jíjọra wà lára òṣùwọ̀n wọn: kí ère jọ ènìyàn, kó má jọ ẹnì kan jù. Dídán wà níbẹ̀, àti ìrísí ọ̀dọ́: arúgbó á dúró ṣánṣán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà.

*

Ẹ gbé ère ìbejì kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ fún ìbejì tó kú. Ọmọ ọwọ́ ló kú, ṣùgbọ́n àgbà ni ère. Bó jẹ́ obìnrin, ó ti yọ ọmú. Ilà ìdílé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi wé ara rẹ̀, orí rẹ̀ tóbi ju ti ènìyàn lọ, torí orí ni olórí ara. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á máa fún un lóúnjẹ. Bó bá pẹ́, imú á fá, ojú á tẹ́, osùn á dì sáàárín irun. Síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà ni.

*

Ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, àkó gbọ́dọ̀ jọ olóògbé. Ère ìsìnkú kejì àwọn ẹni ńlá ni, ó ga tó ènìyàn. Wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Bí kò bá jọ, ta ni ará ìlú ń kí pé ó dìgbóṣe?

*

Ẹ wo àwọn orí bàbà àti idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1938. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, etí ètè wọn hàn ketekete, ilà wẹ́wẹ́ sì bo ojú òmíràn láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Leo Frobenius ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1910, ó ní ọwọ́ Gíríìkì ló wà níbẹ̀. Ó ń dùn mí. Baba wa mọ jíjọra ṣe. Agbẹ́gilére tó gbẹ́ ìbejì olórí ńlá kò ṣàìmọ̀ọ́ṣe.

*

Kí á tó ní ère kan kò jọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.