Ẹ̀bẹ̀ Lówó Lórí

"Ó ti dọ̀bálẹ̀ ná, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe?" Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́ ní Àgọ́ Aláyè, kò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́ láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò lásán ni. Mo gbé Corolla mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan, mo wọlé lọ ra òróró. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn fẹ́ gba àárín mọ́tò mi àti gọ́tà kọjá. Àyè ò gbà á. Iná ẹ̀yìn fọ́, báńpà họ, ilẹ̀kùn kan jìn wọnú. Páńbítà wò ó, ó ní pẹ̀lú ọ̀dà àti iná tòkunbọ̀, kò lè dín ní ₦80,000.

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yẹ̀pẹ̀. Kí n tó la ẹnu, èrò ti pé. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kúnlẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń wárí fún, ṣí fìlà, ó ní: "Màdáàmù, ẹ má wo ti ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀ yín." Ta ni yóò máa wo àgbà tó ṣí fìlà, tí yóò tún máa ka owó páńbítà sí i létí? Mo ní kò burú. Wọ́n súre fún mi, wọ́n túká. Èmi ni mo san ₦80,000 náà.

Kì í ṣe owó náà ló ń dùn mí (irọ́ ni, ó dùn mí díẹ̀). Ìṣirò rẹ̀ ni kò yé mi. Ẹnì kan ba nǹkan jẹ́, ẹnì kejì bẹ̀bẹ̀, ẹnì kẹta sanwó. Ibo ni gbèsè náà wọlé sí?

Òfin ní ìdáhùn tirẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, àjọ NAICOM tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti sọ owó inṣọ́ránsì tó kéré jù fún ọkọ̀ àdáni di ₦15,000 lọ́dún; ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ti alùpùpù jẹ́ ₦3,000, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò sì san tó ₦1,000,000 fún ẹni tí alùpùpù náà bá ba dúkìá rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé inṣọ́ránsì náà wò kárí orílẹ̀-èdè. Kí ni ₦80,000 já mọ́ nínú mílíọ̀nù kan? Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò tó pé lé wa lórí lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ inṣọ́ránsì, èmi gan-an ò dárúkọ rẹ̀. Tó bá sì ṣe pé kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ lù mí ńkọ́? Òfin inṣọ́ránsì wa ò mọ̀ ọ́n rárá.

Àwọn ará Japan mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2008, ọmọ ọdún 11 kan fi kẹ̀kẹ́ ológeere kọ lu obìnrin kan nílùú Kobe, obìnrin náà fara pa gidigidi. Ní 2013, kóòtù ní kí ìyá ọmọ náà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 95 yẹ́ǹ. Nígbà tó di 2015, ìpínlẹ̀ Hyogo tí Kobe wà nínú rẹ̀ sọ ọ́ dòfin pé kí ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní inṣọ́ránsì. Mo ro ọ̀rọ̀ ìyá yẹn títí. Ṣé kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò bá a ṣí fìlà ni?

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Kobe yìí ló gbé kẹ̀kẹ́ bàbá mi dìde. Raleigh dúdú ni. Bàbá mi ò ní ilẹ̀ ní Òdìgbó wa níbí. Apá Ọ̀ṣun ló ti wá, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ àgọ́ dó nínú igbó kòkó yẹn ṣe ti ibòmíràn wá, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún fún onílẹ̀. Ìgbà náà, ìjọba ò tíì fòpin sí Bọ́ọ̀dù tó ń rí sí ọjà kòkó, èyí tí wọ́n pa rẹ́ lọ́dún 1986. Oníkòkó tó ń rajà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ a máa gbé pikọ́ọ̀pù Peugeot 404 rẹ̀ sí ibi òṣùwọ̀n. Lọ́jọ́ kan, àpò kòkó tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà sì ha ara mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo wà níbẹ̀, garawa omi wà lórí mi. N kò rí i kí bàbá mi bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò tilẹ̀ bẹ oníkòkó. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ pe Baálẹ̀. Baálẹ̀ ló wá bẹ̀. Oníkòkó rẹ́rìn-ín, ó ní tìtorí Baálẹ̀ ni o, ọ̀rọ̀ parí.

Kò parí. Láti ọdún yẹn lọ, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kí bàbá mi tó fi ọkọ́ kan oko ara rẹ̀, yóò ti kọ́kọ́ ro apá kan oko Baálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó dá ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró. Màmá mi a máa kùn pé irú mọ́tò wo ni wọ́n ha lára tí owó rẹ̀ kò tán láéláé. Nígbà tí Baálẹ̀ kú, bàbá mi ń bá a lọ ní oko ọmọ rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ kejì ni, èyí tí wọn ò dá iye lé.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí gbèsè iná ẹ̀yìn mi wọlé sí. Èmi kọ́ ni ọmọ ọlọ́kadà náà jẹ mọ́; Tíṣà ló jẹ. Tíṣà náà sì jẹ mí. Bí mo bá ní kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́la, kò ní lè sọ fún mi pé ọwọ́ òun dí. Nígbà tí mo pàdé ọmọ náà ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, mo dọ́gbọ́n bi í léèrè. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn: "Mọ́mì, ẹ̀bẹ̀ Tíṣà ò tíì tán o! Àná ni mo tún gbé ìyàwó wọn wá sí ọjà, mi ò gba kọ́bọ̀."

Ìṣirò yìí dùn mọ́ mi nínú fún ìgbà díẹ̀. Kò sí owó tó ṣègbé, kò sẹ́ni tó lọ sí kóòtù, a kì í sì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n máa fi yangàn sí àwọn ará Japan.

Àfi ìgbà tí mo rántí ọlọ́kadà kejì. Láti Benue lòun ti wá ṣiṣẹ́ oko, ó sì ń fi ọ̀kadà kún un. Ojú ọ̀nà kan náà ni, ohun tó bàjẹ́ ò sì tó tèmi: dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò oníṣòwò kan ló fọ́. Òun náà dọ̀bálẹ̀. Èrò tó pé nígbà tèmi náà ló pé nígbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Fìlà kankan ò kúrò lórí. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n fà á lọ sí tẹ́ṣàn kí wọ́n tì í mọ́lé, bẹ́ẹ̀ abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn lásán nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ó san owó dígí pé kí wọ́n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Bí a bá ba nǹkan jẹ́ ní àdúgbò wa, páńbítà kọ́ ló ń dá iye lé e. Iye ènìyàn tó mọ bàbá ẹni ló ń dá a. Èyí sì ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tó jẹ́ pé bàbá gbogbo wa ló ti ibòmíràn wá. Ká ní kò sí Baálẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi ha pikọ́ọ̀pù yẹn, bóyá Raleigh ni oníkòkó ì bá gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ₦3,000 yẹn wá padà sí mi lọ́kàn. Tèmi tí mo ń rà lọ́dọọdún, ohun tí a ń fi han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin ni mo kà á sí. Àṣé ẹni tí kò ní Tíṣà gan-an ló yẹ kí ìwé náà máa gbèjà. Kì í béèrè ìlú tí ènìyàn ti wá. Inú mi dùn sí àbá tí mo ro yìí, mo sì wá ọmọ Benue náà lọ níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò, kí n lè là á lọ́yẹ̀.

Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó ṣí ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀, ó yọ ọ̀rá kan jáde, ìwé inṣọ́ránsì ló wà nínú rẹ̀, kò sì tíì kọjá ọjọ́. Ó ní òun fi hàn wọ́n lọ́jọ́ tí dígí fọ́. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní ta ló mọ ilé-iṣẹ́ náà.

Mo ní ṣé yóò tún òmíràn rà bí ọdún bá yí po. Ó ní rárá, òun á fi ₦3,000 náà ra búrẹ́dì àti mílíìkì, òun á lọ kí Tíṣà.